A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Àwọn Aláró Abẹ́òkúta àti Òfin Ìjọba

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń ṣe ìjọba lóde òní bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọrọ̀ ajé. Èkíní ni pé kí a ran àwọn tí ń ṣe ọjà jáde lọ́wọ́, kí orílẹ̀-èdè wa má baà di ibi tí a kàn ń tú ẹrù òkèèrè sí. Èkejì ni pé kí a ṣe ọjà náà lọ́nà tí kò ní ba ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ jẹ́ mọ́ àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Láti ọdún 1987, nígbà tí ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí Gro Harlem Brundtland ará Norway jẹ́ alága rẹ̀ gbé ìròyìn rẹ̀ jáde, ni ọ̀rọ̀ kejì yìí ti gbilẹ̀ káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì gbà pé àlejò ni ọ̀rọ̀ náà láàrin wa, pé òyìnbó ni ó gbé e wá, àti pé títí di ìgbà náà kò sí ìjọba kan ní ilẹ̀ wa tí ó ti bá oníṣẹ́-ọwọ́ fa ọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó ń dà sínú ìkòkò rẹ̀.

Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1936, ọba aládé fi òfin de àwọn ohun èlò kan tí àwọn aláró ń lò. Àwọn aláró kọ òfin náà jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le títí ó fi di ohun tí ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé lórí. Bí a bá yẹ ìjà yìí wò fínnífínní, a ó rí i pé ohun tí ó da ìjọba àti oníṣẹ́-ọwọ́ rú nígbà náà ni ó ṣì ń dà wọ́n rú lónìí. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé òfin tí ó bá sọ ohun tí oníṣẹ́ kò gbọdọ̀ lò, tí kò sì sọ ẹni tí yóò gbé ìnáwó ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe ètò. Ẹrù ni, orí oníṣẹ́ nìkan ni a sì gbé e kà.

Iṣẹ́ Aró Láyé Àtijọ́

Obìnrin ni ó ni iṣẹ́ aró ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ilẹ̀ Haúsá, ọkùnrin ni í rẹ aṣọ, inú kòtò ni ó sì ti ń rẹ ẹ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, inú ìkòkò ni, obìnrin ni ó sì dúró tì í. Ìyá Màpó ni òrìṣà tí ó ni iṣẹ́ náà, òun náà ni àwọn amọ̀kòkò ń bọ. Kò sì yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu, nítorí pé láìsí ìkòkò kò sí aró.

Ewé ẹ̀lú ni ìpìlẹ̀. Wọn a já ewé náà ní tútù, wọn a gún un nínú odó, wọn a mọ ọ́n rìbìtì-rìbìtì, wọn a sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Ẹ̀lú tí ó bá ti gbẹ báyìí ṣe é tọ́jú fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì ṣe é gbé lọ tà ní ọjà tí ó jìnnà. Ohun kejì ni eérú. Ẹ̀lú kì í tú aró rẹ̀ sínú omi lásán. Omi eérú ni í tú u. Wọn a sun igi, wọn a kó eérú rẹ̀ jọ, wọn a fi omi pò ó, wọn a mọ ọ́n, wọn a sì tún sun ún nínú iná. Lẹ́yìn èyí ni wọn óò kó o sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, tí a gbé ka orí ìkòkò mìíràn. Wọn óò da omi lé e lórí, omi náà yóò máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Inú omi yìí ni wọn óò kó ẹ̀lú sí, wọn óò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó ṣe é rẹ aṣọ. Kò sí aago, kò sí ìwọ̀n. Ojú, imú àti ọwọ́ aláró ni ó ń sọ fún un pé aró ti tó.

Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ni ó máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ni í sọ ọ́ di aró. Wọn a tún rì í, wọn a tún fẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́, títí yóò fi dúdú tó bí oníṣẹ́ ti fẹ́. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí iye ọwọ́ tí iṣẹ́ yìí ń gbà kọjá. Ẹni tí ń já ewé wà lọ́tọ̀, ẹni tí ń gún un wà lọ́tọ̀, ẹni tí ń tà á wà lọ́tọ̀. Ẹni tí ń sun eérú ń jẹun níbẹ̀, amọ̀kòkò ń jẹun níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni aládìrẹ tí ń di aṣọ tàbí tí ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí i, lẹ́yìn rẹ̀ ni aláró gan-an, lẹ́yìn aláró ni ẹni tí ń lu aṣọ kí ó lè máa dán. Odindi ìlú ni ó wà nídìí aṣọ kan.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ìfẹ́ àtijọ́ tan ara wa jẹ. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ìyá wa kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ilẹ̀ tí wọn kò dá padà. Lóòótọ́, omi tí wọ́n ń dà nù lẹ́yìn iṣẹ́ kò ní kẹ́míkà ilé iṣẹ́ nínú. Àmọ́ igi púpọ̀ ni a ó sun kí a tó rí eérú díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ó sì tún fi igi sun eérú náà lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ó jẹ́ pé aṣọ ará ilé àti ti ará àdúgbò ni aláró ń rẹ, igbó lè gbé ìnáwó yìí. Bí ó bá di pé ọjà gbogbo ayé ni ó ń rẹ aṣọ fún, igbó kò lè gbé e mọ́. Nítorí náà, bí aláró bá ń wá ohun tí yóò rọ́pò eérú, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ nìkan ni ó ń wù.

Aṣọ Manchester, Aró Jámánì

Ọjà àdìrẹ gbòòrò lóòótọ́. Àwọn aṣọ funfun tí ọkọ̀ ń kó wá láti Manchester ni ó ṣí ọ̀nà fún un. Aṣọ òfì nípọn, kò sì rọrùn láti ya ọnà sí i lára. Aṣọ òyìnbó fúyẹ́, ó tẹ́jú bí ìwé. Orí rẹ̀ ni àdìrẹ oníko àti alábẹ́rẹ́ ti pọ̀ sí i, orí rẹ̀ ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ sì ti di ohun tí ó dà, tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ya Olókun, Ìbàdàndùn àti àwọn ọnà mìíràn tí a mọ̀ títí di òní. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, Abẹ́òkúta ni ó gbà kọjá. Láìpẹ́, àwọn oníṣòwò ń ti ọ̀nà jíjìn wá ra àdìrẹ Ẹ̀gbá, àwọn ará Senegal sì wà lára àwọn tí ó ń rà á jùlọ. Ọgbọ́n orí àwọn obìnrin náà tún hàn ní ọdún 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè: kíá ni àwòrán ọba àti olorì ti dé orí àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ènìyàn tí ó lè ṣe èyí kì í ṣe ẹni tí ń sùn nídìí àṣà. Ó mọ ohun tí ọjà ń fẹ́.

Ní òkèèrè, ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1897, ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí a fi kẹ́míkà ṣe. Aró yìí ba ọjà ẹ̀lú jẹ́ ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ti ń gbìn ín fún àwọn òyìnbó. Nígbà tí ó yá, ó dé Abẹ́òkúta. Kọ́síìkì sódà náà dé, pàápàá láàrin ọdún 1920 sí 1930. Iṣẹ́ tí omi eérú ń ṣe fún ọjọ́ mélòó kan, sódà ń ṣe é ní àkókò kúkúrú. Kò sí pé a ń sun igi, kò sí pé a ń dúró de ìkòkò tí ń kán. Obìnrin tí kò ní ọmọ tí yóò já ewé tàbí tí yóò ṣẹ́ igi fún un lè rẹ aṣọ, kí ó sì tà á kí ọjọ́ ọjà mìíràn tó pé.

Àkókò tí ọwọ́ dẹ̀ gan-an ni a gba ohun tuntun yìí. Láti ọdún 1929 ni ọrọ̀ ajé ayé ti dojú dé. Owó kòkó já wálẹ̀, owó ekùrọ́ náà já wálẹ̀, owó kò sì sí lọ́wọ́ àwọn tí ń ra aṣọ. Síbẹ̀, owó orí kò dúró. Láti ọdún 1918 ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí ní orúkọ ara wọn. Obìnrin tí ọjà rẹ̀ kò tà ní láti wá owó náà. Bí aró Jámánì àti sódà bá lè jẹ́ kí ó rẹ aṣọ púpọ̀ ní owó díẹ̀, kò sí ọgbọ́n mìíràn tí a lè retí pé kí ó dá.

Níbi yìí ni a ó ti rí ohun tí ìjọba amúnisìn kà sí ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí ń ṣe ọjà. Ní àkókò ọ̀dá owó yìí, aṣọ Japan ń wọlé ní owó pọ́ọ́kú. Àǹfààní ni èyí fún aládìrẹ, nítorí pé aṣọ funfun ni ohun tí ó ń fi owó rà jùlọ. Àmọ́ ìrora ni fún àwọn ilé iṣẹ́ Manchester. Ní ọdún 1934, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí a fi òdiwọ̀n sí iye aṣọ Japan tí ó lè wọ àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. A gba aláṣọ Manchester là. Aláró Abẹ́òkúta ni ó san owó rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè. Lójú àwọn tí ó ṣe òfin náà, oníbàárà lásán ni, kì í ṣe ẹni tí ń ṣe ọjà jáde.

Ọdún 1936

Ohun tuntun kì í dé láìmú wàhálà tirẹ̀ lọ́wọ́. Sódà tí a kò bá wọ̀n dáadáa ń jẹ aṣọ. Aró tí a kò bá rẹ dáadáa ń ṣí. Àwọn tí ó ra aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àdìrẹ Abẹ́òkúta kò rí bí ó ti ń rí mọ́, pé ó ń ya, pé ó ń pàwọ̀dà. Ọjà sì ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lójú Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, ẹni tí ó gorí oyè ní ọdún 1920, orúkọ ìlú ni ó ń bàjẹ́, ohun tí ó sì ń bà á jẹ́ ni sódà àti aró òyìnbó. Ní ọdún 1936, ó fi òfin de méjèèjì. Kí aláró padà sídìí ẹ̀lú àti eérú.

Kò yẹ kí a fi ojú ẹni tí ó kàn fẹ́ fìyà jẹ obìnrin wo ọba yìí. Ohun tí ó rí, òótọ́ ni. Orúkọ rere ni ọjà àdìrẹ fi ń tà ní Senegal. Ẹni tí ó bá ba orúkọ náà jẹ́ ti ba ti gbogbo ìlú jẹ́. Bí ó bá jẹ́ lónìí, a ó sọ pé ọba ń dáàbò bo ojúlówó ọjà, ó sì ń gbà wọ́n níyànjú láti lo ohun ìbílẹ̀ tí kò ní kẹ́míkà nínú. Ọ̀pọ̀ ìpàdé ni a ti ń pàtẹ́wọ́ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn aláró náà ní òótọ́ tiwọn. Wọn kò sọ pé aṣọ tí ó ń ya dára. Ohun tí ó wà nídìí ìkọ̀sílẹ̀ wọn ni pé ẹni tí ó bá mọ ìwọ̀n sódà kì í ba aṣọ jẹ́, pé àwọn tí kò mọ iṣẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́, àti pé iye tí aṣọ ń mú wálé kò tó láti ra ẹ̀lú, kí a ra igi, kí a tún fi ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún dúró de ìkòkò. Wọ́n ń lo ohun tí a dè náà lọ. Wọ́n gbé ẹjọ́ wọn kọjá ààfin, títí ìgbìmọ̀ ìwádìí fi jókòó lé ọ̀ràn náà lórí ní ọdún yẹn kan náà. Nígbẹ̀yìn, òfin náà kò dúró. Aláró ń lo sódà, aró òyìnbó sì jókòó sí ọjà.

Kí ni ó fa á tí òfin tí ó ní ìdí gidi lẹ́yìn fi ṣubú? Lójú tèmi, nǹkan mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò sí níbi tí a ti ṣe é. Ètò ìjọba òyìnbó ti sọ Aláké di aláṣẹ kan ṣoṣo lábẹ́ wọn; nínú ìgbìmọ̀ tí ó yí i ká, obìnrin kò ní àga, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ń san owó orí. Àwọn àgbà sì ti wí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Èkejì ni pé òfin náà de ohun èlò dípò kí ó de iṣẹ́ tí kò dára. Ẹni tí ó mọ sódà lò dáadáa àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, èyí tí mo kà sí pàtàkì jùlọ, ni pé òfin náà kò ní ọwọ́ tí ó fi ń fún ni. Kò dá oko ẹ̀lú kan. Kò dín owó orí kù fún ẹni tí ó bá padà sí eérú. Kò wá olùkọ́ kan tí yóò kọ́ àwọn ọ̀dọ́ aláró ní ìwọ̀n. Ó ní kí wọ́n padà sí ọ̀nà tí ó wọ́n, nígbà tí òfin ti ọdún 1934 ti jẹ́ kí aṣọ tí wọ́n ń rẹ wọ́n pẹ̀lú. Ọwọ́ òsì ìjọba gba owó lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ ọ̀tún tún na ìka sí wọn pé iṣẹ́ wọn kò dára.

Ọdún 11 lẹ́yìn èyí, ní 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tún dìde, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni ó ṣíwájú wọn. Owó orí àti àìní àga nínú ìgbìmọ̀ ni ẹ̀sùn wọn nígbà náà. Aláké fi ìlú sílẹ̀ ní 1948, kò sì padà títí di 1950. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, wọ́n sì gba obìnrin sínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ẹni tí ó bá ka ìtàn 1947 láìka ti 1936, apá kan ìtàn ni ó kà. Láti ìdí ìkòkò aró ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ mọ̀ pé àṣẹ ṣe é kọ̀.

Lẹ́yìn Náà

Bí òmìnira ti ń súnmọ́, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìrànlọ́wọ́ gidi fún àwọn tí ń ṣe ọjà. Òfin ọdún 1952 lórí àwọn ilé iṣẹ́ aṣáájú, àti ti 1958 tí ó tẹ̀lé e, fún àwọn tí ó bá dá ilé iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ ní ìsinmi kúrò lọ́wọ́ owó orí fún ọdún mélòó kan. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún ilé iṣẹ́, ti Àríwá dá ilé iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní Kàdúná. Iṣẹ́ rere ni. Àmọ́ ta ni ètò náà wà fún? Ẹni tí ó ní ilé iṣẹ́, tí ó ní ẹ̀rọ, tí ó ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni. Obìnrin tí ó ní ìkòkò mẹ́fà lẹ́yìnkùlé kò bá ètò náà pàdé rárá. Àdìrẹ wá jẹ́ ohun tí a ń fi yangàn gẹ́gẹ́ bí àṣà, tí a kò sì kà mọ́ iṣẹ́ àṣelà. Àṣìṣe ńlá ni. Àwọn tí ó mú un sọjí lẹ́yìn náà, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é: àwọn oníkàǹpálà ní Abẹ́òkúta, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo, bíi Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye tí ó dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1983.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí a ràn lọ́wọ́ náà kò dúró. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, náírà rọ, ohun èlò wọ́n, iná mànàmáná kò dúró sójú kan, ẹrù òkèèrè sì ń gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Ní 2007, ilé iṣẹ́ aṣọ tí ó tóbi jùlọ ní Kàdúná ti ilẹ̀kùn. Ní nǹkan bí ọdún 2010, ìjọba àpapọ̀ ya ₦100 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ ní Bank of Industry láti yá àwọn olóko òwú àti àwọn aláṣọ. Ní 2017, àṣẹ kan jáde pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ máa ra ohun tí a ṣe nílé, aṣọ iṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ní 2019, Báńkì Àpapọ̀ kò ta dọ́là fún ẹni tí ń kó aṣọ wọlé mọ́. Ní 2023, wọ́n tún ṣí ilẹ̀kùn náà. Oníṣẹ́ tí ń wo ilẹ̀kùn tí à ń ṣí, tí à ń tì yìí, kò lè mọ ìgbà tí òun yóò ra ẹ̀rọ.

Ní apá ti ilẹ̀ àti omi, ojú wa là ní ọdún 1988, nígbà tí a rí i pé wọ́n ti kó ìdọ̀tí onímájèlé láti Ítálì wá dà sí Kókó. Ọdún náà ni a dá àjọ FEPA sílẹ̀. NESREA ni ó rọ́pò rẹ̀ ní 2007, nígbà tí ó sì di 2009, ìlànà jáde lórí omi ìdọ̀tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ, awọ àti bàtà. Ìlànà náà dára. Àmọ́ bí a bá kà á, a ó rí i pé ilé iṣẹ́ tí ó ní ọ̀gá, ẹnu ọ̀nà àti ibi tí a ti lè fọ omi mọ́ ni ó wà lójú ẹni tí ó kọ ọ́. Ẹ rìn ní àdúgbò Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Omi aró tí ó ní sódà àti hydrosulphite nínú ń ṣàn nínú gọ́tà lẹ́bàá ilé tí ènìyàn ń gbé. Àwọn kan ń fi ọwọ́ lásán ki inú rẹ̀. Ohun tí ọba rò pé òun ń dènà ní 1936 ti di ojoojúmọ́, òfin kò sì mọ bí yóò ti wọ ilé náà. Bí ó bá wọlé pẹ̀lú ọlọ́pàá, yóò sọ obìnrin di aláìníṣẹ́. Bí kò bá wọlé, omi yóò máa bàjẹ́ lọ.

Ohun mìíràn sì ti dé. Àwọn ilé iṣẹ́ China ń fi ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sára aṣọ, wọ́n ń kó o wá sí ọjà wa, wọ́n sì ń tà á ní owó tí aláró kò lè bá dù. Ní ọdún 2020, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣí ọjà kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àdìrẹ, kí oníbàárà tí ó jìnnà lè bá oníṣẹ́ pàdé. Mo yìn wọ́n fún èyí, nítorí pé ó wà lára ìgbà díẹ̀ tí ìjọba ti ka aláró sí ẹni tí ń ṣe ọjà jáde. Ṣùgbọ́n ọjà nìkan kò tó. Bí ọjà bá fẹ̀ láìsí àtúnṣe nídìí ìkòkò, sódà ni yóò pọ̀ sí i nínú gọ́tà.

Ohun Tí Ó Yẹ Ní Ṣíṣe

Ẹ̀kọ́ 1936 kò ṣòro láti kà. Kí a má ṣe sọ fún aláró pé kí ó fi sódà sílẹ̀ lọ́la. Kí a kọ́kọ́ kọ́ agbo aró sí àdúgbò tí wọ́n wà, ibi tí ogún tàbí ọgbọ̀n aláró lè pín omi, pín iná, kí omi ìdọ̀tí wọn gbogbo sì gba ojú kan lọ síbi tí a ó ti fọ̀ ọ́ kí ó tó dé odò Ògùn. Ohun tí obìnrin kan kò lè kọ́, ọgbọ̀n obìnrin lè lò ó bí ìjọba bá kọ́ ọ. Kí a fún wọn ní ìbọ̀wọ́, kí a sì fi àwọn tí ó mọ ìwọ̀n sódà nínú wọn ṣe olùkọ́ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀lú tó kàn. Owó gọbọi ni àwọn tí ó mọ ohun tí wọ́n ń wá, nílé àti lókè òkun, ń fi ra aṣọ tí a fi ẹ̀lú rẹ. Kì í ṣe gbogbo aládìrẹ ni yóò ṣe irú aṣọ bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí a fi agbára mú wọn. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti gbin ẹ̀lú lóko dípò kí a máa já a nínú igbó, tí a sì ń lo eérú láti inú àwọn ààrò tí à ń dá lójoojúmọ́ tàbí láti ara èèpo kòkó dípò kí a máa gé igi, ẹni tí ó bá fẹ́ padà yóò rí ọ̀nà padà. Kí àmì kan wà lára aṣọ tí a fi ọwọ́ rẹ ní ilé, kí ó yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkèèrè. Kí aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé àti ti òṣìṣẹ́ ìjọba tí àṣẹ 2017 sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kàn wọ́n, kí oníṣẹ́ lè mọ̀ pé bí òun bá ṣe é dáadáa, ẹni tí yóò rà á wà.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí aláró jókòó níbi tí a ti ń ṣe òfin. Òun ni ó mọ iye ọjọ́ tí ìkòkò ń gbà. Òun ni ó mọ ìgbà tí sódà bá jẹ aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì ń jẹ pẹ̀lú. Ọba tí ó ṣòfin ní 1936 kò fẹ́ ibi fún ìlú rẹ̀. Ohun tí kò ṣe ni pé kò pe ẹni tí ó ni orí kí ó tó mú abẹ. Àwọn aṣòfin tiwa lónìí ní abẹ tí ó mú ju tirẹ̀ lọ, orí tí ó wà níwájú wọn sì ti pọ̀ sí i.